Páànù tí a jó mọ́ ara ọkọ̀ wú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo gé ibi tó dípẹtà lára ilẹ̀kùn dánfó kúrò, mo sì jó páànù tuntun sí i. Ó jókòó dáadáa kí n tó jó o. Ìgbà tó tutù ni àárín rẹ̀ wú. Bí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á sì tún ta padà.

Ìdáhùn: Iná ló pọ̀ jù lójú kan. Irin máa ń fẹ̀ bí iná bá rà á, ṣùgbọ́n irin tútù tó yí i ká kò fún un láyè, ló bá fún pọ̀ síbẹ̀. Tó bá wá tutù, á súnkì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fa páànù mọ́ra. Ara ọkọ̀ kò kúkú nípọn: bíi mílímítà 0.7 sí 0.8 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, má jó o lọ gbọọrọ. Kọ́kọ́ fi iná tọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o wá máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí òdìkejì, bín-ín-tín bín-ín-tín. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró lórí páànù, ìwọ náà dúró.

Èyí tó ti wú yẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Fi dọ́lì, ìyẹn irin wúwo tí a ń fọwọ́ dì mú, ti ojú jíjó lẹ́yìn, kí o fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ níwájú. Ojú jíjó ló súnkì, òun ni kí o nà. Jọ̀wọ́, má lu àárín tó wú. Ńṣe ni yóò túbọ̀ fẹ̀.

Ìbéèrè: Iná ń dá etí ilẹ̀kùn lu. Mo dín in kù, kò yí padà.

Ìdáhùn: Ìpẹtà ti jẹ irin tí o ń jó páànù mọ́ tán. Fi ìṣó gún un. Bó bá wọlé, gé e kúrò títí wàá fi kan irin tó ń dán. Ihò náà á fẹ̀ lójú oníbàárà. Pè é kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìbéèrè: Àjẹkù páànù òrùlé ni mo lò. Èéfín funfun ń yọ, ara mi sì ń gbóná lálẹ́. Ṣé kí n mu mílíìkì?

Ìdáhùn: Síńkì tí wọ́n fi bo páànù yẹn ló ń jóná, èéfín rẹ̀ ló ń fa ibà náà. Mílíìkì kò lè dá a dúró, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ, kì í ṣe ikùn. Ha síńkì náà kúrò létí ibi tí o fẹ́ jó, bo imú rẹ, kí o sì jó o níta gbangba. Bí àyà bá ń fún ọ, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀.