Ẹ Yé Náwó Sórí Owó Tí Ẹ Kò Tíì Rí: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Wá Ẹ̀yáwó Báǹkì ní Òṣogbo

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ọkùnrin kan tó ń ta irin àti páànù ní ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán wọ ọ́fíìsì mi ní Òkè-Fìà. Ó gbé fáìlì kan sórí tábìlì, ó rọra ń ṣí i bí ẹni ń tú ẹrù ìyàwó. Ìwé ètò òwò olójú ewé 42 wà níbẹ̀, ₦150,000 ló fún ẹni tó bá a kọ ọ́. Ìwé àyẹ̀wò iye ilé wà níbẹ̀, ₦200,000. Ó tún ti fún ẹnì kan tó ní òun mọ mánéjà ní ₦80,000. Mo ní kí ó mú sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì rẹ̀ wá. Ojú ewé méjì péré. Owó tó wọlé láàárín oṣù mẹ́fà kò tó ₦400,000, mílíọ̀nù 10 ló sì fẹ́ yá.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Ṣùgbọ́n ₦430,000 ti bá omi lọ, kò sì sí òṣìṣẹ́ báǹkì tí yóò ka ìwé yẹn kọjá ojú ewé àkọ́kọ́. Ó dùn mí débi pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà kò lọ lọ́fun mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀yáwó ní báǹkì kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde. N kò ní máa ṣàlàyé BVN (nọ́ńbà tó so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀), CAC (ìforúkọsílẹ̀ òwò) tàbí TIN (nọ́ńbà owó orí) níbí. Ẹni tó ń wá owó òwò gbọ́dọ̀ ti kọjá ibẹ̀ yẹn.

Àṣìṣe kìn-ín-ní: ẹ rò pé ilé yín ni báǹkì ń fẹ́

"Mo ní ilé." Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù nìyẹn. Báǹkì kò wá ilé. Owó rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà, lóṣooṣù, láti inú èrè ọjà yín. Ilé wà níbẹ̀ fún ìgbà tí ọ̀nà yẹn bá dí. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, apá tí ìwọ̀fà ní láti roko ni olówó sì ń wò. Apá òwò yín ni báǹkì náà ń wò.

Wọn kò ṣàdédé le bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di 2009, àwọn báǹkì kan ń yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ìpín ilé-iṣẹ́, wọ́n sì gba ìpín náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Ọjà ìpín wó, ohun ìdógò wà lọ́wọ́ wọn kò sì níye lórí mọ́. CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, yọ àwọn ọ̀gá báǹkì mélòó kan nípò, ó da ₦620 bílíọ̀nù sínú àwọn báǹkì tó ń rì, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra àwọn gbèsè tó bàjẹ́. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀yáwó lẹ́yìn ìyẹn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kí ó wo ibi tí owó yóò ti wá kí ó tó wo ohun tí wọ́n fi dúró.

Wọ́n kọ́ èmi náà, n kò gbọ́. Lọ́dún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mo buwọ́ lu ẹ̀yáwó oníṣòwò kan nítorí ilé alájà méjì tó ní ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. N kò yẹ ọjà rẹ̀ wò dáadáa. Gbèsè náà bàjẹ́, a gbé ilé síta fún títà, àwọn mọ̀lẹ́bí sì jáde: ilé bàbá àwọn ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ta ni yóò ra ilé tí ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá wò ó pé inú yàrá kẹta ni wọ́n sin ọkọ òun sí? Títí mo fi kúrò ní báǹkì, a kò rí kọ́bọ̀ lórí ilé náà. Àṣìṣe mi ni, mo sì ṣì ń rántí ojú ìyá náà.

Nítorí náà, ẹ má sanwó àyẹ̀wò iye ilé kí báǹkì tó fún yín ní ìwé pé àwọn fẹ́ yá yín lówó. Báǹkì ní àwọn ayẹ̀lé-wò tó gbà, ìwé ẹlòmíràn kò wúlò fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lè fi ilẹ̀ yáwó, owó sì ń lọ sí ìyẹn náà.

Àṣìṣe kejì: àkáǹtì tí kò jọ ọjà yín

Èyí ló ń ká mi lára jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ìyá kan wà ní Ìgbọ̀nà tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ọjà rẹ̀ ń kọjá ₦300,000 lóòjọ́. Owó àárọ̀, ọwọ́ alájọ. Owó ọ̀sán, inú àkáǹtì ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, nítorí fóònù ọmọ náà ló ń gba àlẹ́ẹ̀tì. Owó ìrọ̀lẹ́, inú àpò tó so mọ́ ìdí, láti ibẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ oní-POS láti sanwó fún ẹni tó ń kó ẹja fún un. Lójú báǹkì, ìyá yìí kò ta nǹkan kan. Ó béèrè mílíọ̀nù mẹ́ta, wọ́n ní ₦200,000. Ó sunkún lọ́dọ̀ mi, ó ní wọ́n kórìíra òun. Wọn kò kórìíra yín, Ìyá. Wọn kò rí yín ni.

Àwọn mìíràn gbọ́ pé àkáǹtì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, wọ́n wá ń yí owó kan náà po. Mílíọ̀nù kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún padà wọlé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Àwọn kan tilẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n lè bá a gbé àkáǹtì dìde báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Màá gbé rúlà lé ìlà àkọ́kọ́, bírò pupa á wà lọ́wọ́ mi. Owó tó ti ọ̀dọ̀ orúkọ kan náà wá léraléra, mo fa ìlà sí i. Owó tó ti àkáǹtì yín mìíràn wá, mo fa ìlà sí i. Owó tó kùnà tí wọ́n dá padà, ẹ̀yáwó orí fóònù, owó ńlá tó wọlé láàárọ̀ tó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ni bírò pupa ń bá. Lẹ́yìn náà ni mo ń ṣírò ohun tó kù. Fáìlì kan wà tí mílíọ̀nù 24 wọ àkáǹtì rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Nígbà tí mo fa ìlà tán, mílíọ̀nù 3.1 ló kù, nǹkan bíi ₦516,000 lóṣù. Mílíọ̀nù márùn-ún ni ẹni náà fẹ́ yá fún ọdún kan. Ní èlé 30%, yóò máa san nǹkan bíi ₦487,000 lóṣooṣù. ₦516,000 yẹn kì í sì í ṣe èrè o, owó ọjà ni, owó ẹni tó kó ọjà fún un ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ni yóò fi jẹun?

Mo tún ń wo iye tó kéré jù tó wà nínú àkáǹtì lóṣù kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá òwò náà ń mí. Mo ń wo àwọn tí ẹ ń sanwó fún. Bí mo bá rí owó tẹ́tẹ́ ní ìgbà 30 lóṣù kan, màá ti fáìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní báǹkì púpọ̀ lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́, kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò ná yín ní ₦430,000. Ẹ ṣí àkáǹtì kan lórúkọ òwò yín. Kí gbogbo owó ọjà kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé kí ó tó jáde. N kò ní kí ẹ fi alájọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ san àjọ láti inú àkáǹtì náà. Bí oníbàárà bá ti sanwó sọ́dọ̀ ọmọ, kí ọmọ fi ṣọwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́fà, ó sàn kí ó tó ọdún kan. Ohun tí mo sọ fún onírin nìyẹn, mo sì sọ fún un pé kí ó tọ́jú rìsíìtì ẹ̀rọ ìgérin rẹ̀ méjèèjì. Láti 2017 ni òfin ti wà tó jẹ́ kí a lè fi ẹ̀rọ àti ọjà dúró fún ẹ̀yáwó, kí báǹkì sì kọ wọ́n sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ohun ìdógò ti orílẹ̀-èdè. Ó béèrè bóyá ẹni tó gba ₦80,000 yóò dá a padà. Mo ní kò jọ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kẹta: fífún ẹni tó "mọ mánéjà" lówó. Ní ọ̀pọ̀ báǹkì, olú iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń pinnu, mánéjà ẹ̀ka kàn ń fi fáìlì ránṣẹ́ ni.

Àṣìṣe kẹrin: gbígba ẹ̀yáwó tí ẹ gbọ́dọ̀ san tán láàárín oṣù mẹ́fà láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Gbèsè orí fóònù tún ń kó bá àwọn èèyàn gan-an. Ẹ yá ₦15,000 lórí áàpù kan, ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ẹ rò pé ó tán. Kò tán. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ, báǹkì sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Mo ti rí ẹni tí ₦15,000 dènà mílíọ̀nù mẹ́rin fún. Láti oṣù Kẹjọ 2020 sì ni ètò GSI ti wà: báǹkì tí ẹ jẹ lówó lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn tí BVN yín so mọ́. Nígbà kan rí, ológò ni wọ́n máa ń rán láti wá jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀ títí yóò fi san. Ti òde òní kò nílò àga. Ẹ lọ béèrè àkọsílẹ̀ yín kí báǹkì tó béèrè rẹ̀.

Ẹ tún yé fi ojú àná wo báǹkì. "Wọ́n wá bẹ̀ mí ní ṣọ́ọ̀bù mi nígbà yẹn, kí ló dé tí wọ́n ń ṣe báyìí?" Òótọ́ ni, a bẹ̀ yín. Ní 2019, CBN pàṣẹ pé ó kéré tán 60% owó tí àwọn èèyàn fi pamọ́ ni báǹkì gbọ́dọ̀ yá síta, ó sì sọ ọ́ di 65% kí ọdún náà tó parí. Àwa tó wà nídìí ẹ̀yáwó ń yí Ọjà Ọba po, a ń wá ẹni tí a ó yá lówó. Ní oṣù Kẹrin 2024, CBN dín in kù sí 50%. Èlé tí CBN fi ń ṣe òdiwọ̀n, tó jẹ́ 11.5% ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ti di 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dín in kù ní oṣù Kẹsàn-án 2025, 27% ni wọ́n dé. Wọ́n tún ní kí báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní ₦500 bílíọ̀nù owó ìdókòwò kí oṣù Kẹta 2026 tó parí. Báǹkì tó ní láti kó irú owó yẹn jọ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ gbèsè tó bàjẹ́. Ẹni tó bá mú ìṣirò 2019 wá lónìí ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi.

Ẹ wo àwọn tó ń ra kòkó. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kẹrin, ó kọjá $12,000 ní oṣù Kejìlá. Oníbàárà mi kan fi owó báǹkì kó kòkó sílé, ó ń retí kí ó tún wọ́n sí i. Mo ní kí ó tà á. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ní 2025, owó kòkó já wálẹ̀, èlé kò sì bá a já.

Èyí tó kù ni sísá fún báǹkì nígbà tí ọjà bá dà rú. Lábẹ́ òfin CBN, ẹ̀yáwó tí wọn kò san fún ọjọ́ 90 ti di gbèsè tó bàjẹ́, báǹkì sì gbọ́dọ̀ ya 10% rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tirẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ 180, 50%. Bí ó bá kọjá ọjọ́ 360, gbogbo rẹ̀. Kí ọjọ́ 90 tó pé ni òṣìṣẹ́ báǹkì ṣì lè bá yín ṣe nǹkan: kí ó fa àkókò gùn, kí ó dín iye tí ẹ ń san lóṣù kù.

Nígbà tí mo ṣì wà ní báǹkì, mo pe oníbàárà kan tí kò sanwó ní ọjọ́ karùndínláàádọ́rùn-ún. Kò gbé e. Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo pè é láàárọ̀, mo pè é lálẹ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Ọláìyá, wọ́n ní ó lọ ìrìn àjò. Ìwé oṣù mẹ́fà àfikún ni mo mú lọ́wọ́, ọ̀gá mi ti buwọ́ lù ú, tirẹ̀ nìkan ló kù. Ó rò pé èébú ni mo fẹ́ bú òun. Ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún, wọ́n gba fáìlì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún àwọn lọ́yà. Ó pè mí padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.