Ìmọ́tótó ní ilé-ìwé: àwọn àṣìṣe tí àwa àgbà máa ń ṣe

Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tí òun ń sọ láràárọ̀ ń wọ àwọn ọmọ létí, kó má wulẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè. Gbogbo wọn ló mọ ìdáhùn. Kó lọ dúró nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, kó máa wo ọwọ́ wọn.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé à ń wàásù, a ò pèsè. A ní kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ọṣẹ sì wà ní títì pa nínú ọ́fíìsì torí wọ́n á fi ṣeré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: bí ọmọ 90 bá tò sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 30 ti lọ kí ẹni tó kẹ́yìn tó fọwọ́ tán. Ìsinmi wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, tó sáré lọ jẹun, kò ṣoríkunkun, ebi ló ń pa á.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní Bangladesh, àwọn olùwádìí ṣe ibi ìfọwọ́, wọ́n fi ọ̀dà ya àmì ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n sì ya àmì àtẹ́lẹwọ́ sí ibi ìfọwọ́ náà. Wọn ò ṣe ìwàásù kankan. Ṣáájú, bí ọmọ 4 nínú 100 ló ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n ti di 74.

Òmíràn wà tí kò tilẹ̀ jọ àṣìṣe: ẹ̀bùn fún ọmọ tí kò pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná á gbé oògùn mì láàárọ̀, á wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀bùn. Lójú tèmi, ẹ fagi lé e. Kí ọmọ tí ibà mú dúró sílé títí ara rẹ̀ á fi wà láìgbóná fún wákàtí 24, láìjẹ́ pé oògùn ló mú un wálẹ̀. Kí ẹ sì fi iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí i.

Ẹ má fi ọmọ tó ń wúkọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Ńṣe ló máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àìsàn pamọ́. Ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ sí ìgúnpá, kí olùkọ́ náà sì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó sín sí àtẹ́lẹwọ́, tó tún fi ọwọ́ yẹn pín ìwé, ti pa gbogbo ohun tó kọ sójú pátákó rẹ́.

Sánítáísà kò lè rọ́pò omi àti ọṣẹ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ọwọ́ tó dọ̀tí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Tí ẹ bá máa rà á, kí ọtí inú rẹ̀ tó 60 nínú 100, ó kéré tán.

Fèrèsé la máa ń gbàgbé. Kòkòrò àrùn èèyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí ẹni tó ní in ti jáde. Ọwọ́ fífọ̀ nìkan ò lè dá ìyẹn dúró, àjẹsára ni, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tó ń jáde. Ẹ yan ọmọ méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa ṣí fèrèsé. Ẹ má sọ ọ́ di ìyà fún ẹni tó pẹ́ dé o.