Pépà Ni Kí Ẹ Bà Jẹ́, Kì Í Ṣe Aṣọ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Fi Pátánì Rán Ẹ̀wù Obìnrin Nílé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé léésì yáàdì mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe pé kí n bá a rán an o. Ó ti gé e ná. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ṣì ṣeé tún ṣe.” Ẹ̀yìn rẹ̀ dára, apá rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iwájú fi íǹṣì mẹ́rin kéré sí àyà rẹ̀. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ni, léésì náà sì ti tán lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wọn. Inú mi bàjẹ́ títí mo fi délé lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pépà tí ì bá kọ́kọ́ fi dán an wò kò tó owó àkàrà.

Irú rẹ̀ ti pọ̀ jù lójú mi láti ìgbà tí gbogbo èèyàn ti ń wa pátánì, ìyẹn pépà tí wọ́n ya ẹ̀yà aṣọ sí kí a lè fi gé e, jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń ránṣọ fún ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni. Owó tí ẹ ń dà nù ló ń bí mi nínú. Mo gbà pé ẹ ti mọ máṣíìnì wà, ẹ mọ bí a ṣe ń fi òwú sí i, ẹ sì ti rán ìró àti bùbá rí. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má fi nọ́ńbà aṣọ tí ẹ ń rà ní bọ́ọ̀tììkì yan pátánì. Nínú àwọn pátánì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà nínú àpò ìwé, sáìsì 12 jẹ́ ti ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 34, tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 26½, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 36. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń wọ 12 ní bọ́ọ̀tììkì ló tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ wo àtẹ ìwọ̀n tó wà lára pátánì, ẹ fi téèpù wọn ara yín, kí ẹ gbàgbé nọ́ńbà. Bíráà tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ náà gan-an ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọn ara. Tí ẹ bá fi bíráà tó ti dẹ̀ wọn ara, tí ẹ wá wọ onífóòmù lọ́jọ́ òde, orí ọmú ti kúrò níbi tí ẹ fi dáàtì sí, ìyẹn ìṣẹ́po tín-ín-rín tí a ń rán kí aṣọ lè gba ọmú.

2. Títẹ pátánì jáde láì wọ̀n ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè wọ inú pépà A4. Ó dín kù sí 95 nínú 100. Ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tó yẹ kí àyà rẹ̀ jẹ́ 40 di 38, ọmọ náà wọ̀ ọ́, kò lè gbé apá sókè. Igun mẹ́rin kékeré kan máa ń wà nínú ọ̀kan lára ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé íǹṣì kan tàbí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni. Ẹ tẹ ojú ìwé yẹn nìkan, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Tí kò bá pé, ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé 100 nínú 100 ni ẹ fẹ́, kó má fún un, kó má sì fẹ̀ ẹ́. Rúlà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má lo téèpù tó ti nà.

3. Aláwáǹsì, ìyẹn àyè ìrán tí a ń fi sílẹ̀ létí aṣọ. Pátánì inú ìwé ìròyìn Burda kì í ní àyè ìrán lára, ẹ̀yin lẹ máa fi kún un. Ti àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ⅝ íǹṣì lára. Ẹni tó bá gé ti Burda bó ṣe wà, tó wá fi ⅝ rán an, etí mẹ́rin ló jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Íǹṣì méjì àbọ̀ ti lọ nìyẹn. Èmi ò tilẹ̀ fara mọ́ ⅝ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Íǹṣì kan ni ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa fi sílẹ̀, nítorí obìnrin ń lóyún, ó ń sanra, ó ń rù, aṣọ ẹbí sì wà lára ohun tí a ń tú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ká tún fẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fi àlùmọ́gàjí aṣọ gé pépà.

Ẹ má mú pátánì aṣọ tó ń fà kí ẹ fi ankara rán an. Ankara kì í fà.

4. Èyí gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fẹ pátánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ọmú.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Obìnrin wọ ẹ̀wù tó kọ́kọ́ rán, ó há a láyà. Ó padà sídìí pátánì, ó fi íǹṣì kan kún ẹ̀gbẹ́ iwájú, ó fi íǹṣì kan kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Tàbí kó kúkú yan sáìsì tó tóbi gan-an. Àyà gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èjìká ń já, ọrùn là sílẹ̀ débi pé tó bá tẹ̀ síwájú báyìí a ó rí bíráà, abẹ́ abíyá di àpò, iwájú aṣọ sì gbé sókè ju ẹ̀yìn lọ. Á wá ní máṣíìnì òun ni kò dáa, tàbí kó ní ara òun ni kò dáa. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló ń dùn mí jù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ, tó dúró níwájú dígí mi tó ń fa aṣọ mọ́ra, tí omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ara rẹ̀. Ẹni tó ya pátánì yẹn, ẹlòmíì ló ya á fún.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Egungun èjìká yín kò mọ̀ bóyá ọmú yín tóbi tàbí ó kéré. Ẹ̀yìn yín náà kò mọ̀. Iwájú nìkan ni ọmú wà, iwájú nìkan náà ló sì yẹ kí àfikún wà. Ọ̀pọ̀ pátánì òyìnbó ni wọ́n yà fún bíráà B, ìyẹn ni pé wọ́n gbà pé ibi tí ọmú ti yọ jù fi íǹṣì méjì ju òkè àyà lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń wọn obìnrin tí ìyàtọ̀ náà jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì lè tó mẹ́fà lára ìyá ọmọ jòjòló. Tí ẹ bá wá fi ìwọ̀n ọmú yan pátánì, èjìká, ọrùn àti ojú apá ẹni tó tóbi jù yín lọ lẹ gbé wọ̀ yẹn.

Ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kọ́ ọ. Ní 2004, ó fún mi ní ankara yáàdì mẹ́fà pé kí n fi rán gáùn ìkómọ àkọ́bí rẹ̀. Àyà rẹ̀ jẹ́ 42, nítorí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo fi 42 yan pátánì, mo sì gé e lójú ẹsẹ̀, mi ò dán nǹkan kan wò. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọmọ, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa èjìká aṣọ sókè láti àárọ̀ títí àlejò fi tán. Kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n fọ́tò ọjọ́ náà wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, mo sì ń rí ọwọ́ ọ̀tún yẹn nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i.

Ohun tó yẹ kí n ṣe rèé. Kí n ta téèpù yíká òkè àyà rẹ̀, lábẹ́ abíyá, lókè ọmú. Ibẹ̀ jẹ́ 37. Ìyẹn ni kí n fi yan pátánì. Pátánì tó bá ẹni tí òkè àyà rẹ̀ jẹ́ 37 mu á ní 39 níbi ọmú. Ó ku mẹ́ta kó tó 42. Ìdajì iwájú ló wà lórí pépà, nítorí náà íǹṣì kan àbọ̀ ni kí n fi la pépà náà.

Bí a ṣe ń là á kò le. Ẹ ya iwájú pátánì sórí bíráùn pépà mìíràn, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ wà bó ṣe wà. Ẹ sàmì sí orí ọmú. Ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ, ẹ fa òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú apá, ẹ fa ẹ̀kẹta láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, láàárín dáàtì tó bá ní. Ẹ gé ìlà àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ gòkè dé orí ọmú, ẹ yí gba ìlà ojú apá, ṣùgbọ́n ẹ má gé e já. Ẹ fi díẹ̀ báyìí sílẹ̀ létí kó lè máa ṣí bí ilẹ̀kùn. Ẹ gé ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, òun náà kò gbọdọ̀ já lórí ọmú. Ẹ wá fa pépà náà sọ́tọ̀ títí àlàfo tó lọ sísàlẹ̀ yóò fi jẹ́ íǹṣì kan àbọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ ó rí i tí dáàtì ẹ̀gbẹ́ ń ṣí fúnra rẹ̀. Apá àárín iwájú yóò wá kúrú ju apá ẹ̀gbẹ́ lọ: ẹ gé e níbùú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ìsàlẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ lẹ pépà sẹ́yìn gbogbo ihò. Gígùn tó wọ iwájú yẹn ni kì í jẹ́ kí aṣọ gbé sókè níwájú mọ́. Kò sí bí fífẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe lè fún yín ní gígùn yìí.

Tí pátánì yín kò bá ní dáàtì tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ yìí yóò bí ọ̀kan fún un. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ tó tín-ín-rín dúró ní íǹṣì kan sí orí ọmú, torí tó bá dé orí ọmú gan-an yóò yọ ṣóńṣó. Kí ẹ tó sàmì sí orí ọmú, ẹ wọn láti èjìká dé ibẹ̀, ẹ sì wọn láti orí ọmú kan dé èkejì. Ọmú tó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta kì í wà níbi tí pátánì òyìnbó fi í sí, kò sì ní ìtìjú kankan nínú. Téèpù ló máa sọ fún yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi bẹ́ẹ̀ṣíìtì àtijọ́ rán iwájú àti ẹ̀yìn nìkan. Kò nílò apá, kò nílò síìpù. Ẹ fi pín-ìnnì dé e lẹ́yìn, ẹ jókòó, ẹ gbé apá bí ẹni tó fẹ́ wé gèlè. Bó bá há yín nígbà tí ẹ jókòó, ẹ padà sídìí pépà. Kí àyà aṣọ fi ó kéré tán íǹṣì méjì ju ti ara lọ tó bá jẹ́ ankara tàbí léésì tí kò fà.

Bí aṣọ ṣe fẹ̀ tó náà ń kó bá èèyàn. Àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi pátánì gáùn kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ ọ́ sí i pé yáàdì méjì àbọ̀ ló gbà. Ó gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára aṣọ tó fẹ̀ tó íǹṣì 60. Ankara kì í sábà ju 45 sí 46 lọ. Yáàdì mẹ́ta àbọ̀ ló gbà lọ́wọ́ mi. Tí aṣọ kò bá tó, ẹ lọ ra sí i tàbí kí ẹ gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrú. Ẹ má yí pátánì dàbùú kó lè wọ̀. Ọfà tó wà lára pátánì gbọ́dọ̀ bá etí gígùn aṣọ, èyí tí a kò gé, lọ lógbọọgba, ẹ wọ̀n ọ́n lókè, ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀.

Tí ankara bá ní ẹyẹ, ẹ wo orí ẹyẹ kí ẹ tó gé e.

Àdìrẹ ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Mo ra ti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ní ọdún kan, mo fi léésì funfun sí i lọ́rùn, ó rẹwà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí oníbàárà mi fọ̀ ọ́, léésì náà di búlúù. Mo san owó rẹ̀ padà. Omi tútù, ẹ fọ òun nìkan, ẹ máa da omi rẹ̀ nù títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Nọ́ńbà 14 fún ankara, 9 fún ṣífọ́ọ̀nù, 11 fún léésì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ẹ sì lọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan kí ìrán mìíràn tó kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí kì í lọ aṣọ títí yóò fi rán an tán, a máa ń mọ̀ ọ́n láti ìta.

Síkẹ́ẹ̀tì róbótó, ẹ fi 6.28 pín ìbàdí: ìbàdí 30 yóò fún yín ní nǹkan bí 4¾, òun lẹ máa wọ̀n láti àárín gbùngbùn dé etí nígbà tí ẹ bá ń yí róbótó àárín. Ẹ gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ká ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ibi tí aṣọ ti dàgùn yóò fà wálẹ̀.

Ní ti obìnrin oníléésì yẹn, a wá nǹkan ṣe. Apá gígùn ló gé. Mo gé íǹṣì mẹ́wàá kúrò lára apá kọ̀ọ̀kan, apá gígùn di kúkúrú. Mo fi ohun tí mo gé ṣe abala aṣọ tín-ín-rín méjì tó fẹ̀ lábẹ́ abíyá, tó tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sí ìbàdí, mo tẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ iwájú, mo mú òdòdó léésì bá òdòdó. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà. Lọ́jọ́ Sátidé ó wọ̀ ọ́ lọ, lọ́jọ́ Ajé ó padà wá pẹ̀lú bíráùn pépà tó ká sábẹ́ abíyá, ó ní kí n fi ibi tí orí ọmú òun wà han òun.