Bí mo ṣe rí ohun tó ń mú ẹ́ńjìnì gbóná lẹ́yìn tí a tún tọ́ọ̀pù sìlíńdà rẹ̀ ṣe

Corolla 2004 tí ẹ̀gbọ́n mi rà lówó pọ́ọ́kú ti hó kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó tà á kò fi bò: ó ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn irin tó bo ẹ́ńjìnì lórí, ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín òun àti ẹ́ńjìnì sì ti jó. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn la ti tú u, a sì gbé tọ́ọ̀pù náà lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin ní Àràrọ̀mí, Gate. Nígbà tó dé, mo gbé irin tó gún régé dábùú rẹ̀, mo wá fi abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ìwọn yẹ abẹ́ irin náà wò. Abẹ́ 0.05 mílímítà kò ráyè wọlé níbi kankan, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ti tẹ́jú. A fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti bóòtù tuntun sí i, a dè wọ́n láti àárín lọ sí etí, ní ìpele-ìpele, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe là á sílẹ̀.

Ọkọ̀ sítáàtì, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó, tí ẹ̀gbọ́n mi tẹná dáadáa, géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń sọ ohun kan náà: "Ẹ tún un tú, gásíkẹ́ẹ̀tì yín ò jókòó." Ẹnu dùn ún ròfọ́. Títú tọ́ọ̀pù tumọ̀ sí gásíkẹ́ẹ̀tì míì àti bóòtù míì, nítorí pé bóòtù ibẹ̀ ń nà tí a bá dè é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí kò ní ná wa lówó."

Mo ki ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bọ ihò rẹ̀ lábẹ́ sítíàrìn, mo so ó mọ́ fóònù mi. Géèjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ òótọ́ tó: ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró gbọin láàárín nígbà tí ooru ń lọ sókè sódò, tí wọ́n bá fi máa tara jí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Fóònù sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, ooru omi ẹ́ńjìnì jẹ́ 92 sí 96 dígírì Celsius, fáànù ń tan, ó ń kú, kò sí wàhálà. Bí a bá gun òkè Mọ́kọ́lá, tàbí tí a sá eré lójú márosẹ̀, ó kọjá 105, kò sì fẹ́ dúró. Ibí yìí gan-an ni kókó wà. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú gosìló, tó sì ń tutù tó bá ń sáré, fáànù ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí i dáadáa, síbẹ̀ ó ń gbóná. Yálà atẹ́gùn iná ń jò láti inú sìlíńdà sínú omi, tàbí omi náà ò rìn tó.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń nàka sí. Ọ́ìlì tó wà lára ọ̀pá ìwọn mọ́, kò dà bíi Mílò tí wọ́n po mílíìkì sí. Mo yọ àwọn púlọ́ọ̀gì: tí omi bá ń wọ sìlíńdà kan, púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ máa ń funfun bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Lówùúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì ọkọ̀, mo fún họ́ọ̀sì òkè radiétọ̀. Ó rọ̀. Ká ní ó le ní tútù ni, á jẹ́ pé atẹ́gùn ti ha síbẹ̀ mọ́jú. Mo ṣí ọmọrí radiétọ̀ (ní tútù o, ẹni tó bá ṣí i ní gbígbóná ń wá ojú jíjó), mo sítáàtì, mo tan híítà dé òpin. Afẹ́fẹ́ tó kù sínú rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, ó sì tán. Atẹ́gùn sìlíńdà kì í tán. Ṣe ló ń pọ̀ sí i béèyàn bá ṣe ń tẹná. Níkẹyìn, mo yá omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń dán an wò, èyí tó máa ń di yẹ́lò tí èéfín sìlíńdà bá kàn án. Búlúù ló wà títí. Iṣẹ́ tí a ṣe ò lẹ́bi.

Ó ku omi. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti ní kí a yọ thermostat, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi tó bá ti gbóná tó, dànù, pé ilẹ̀ wa ò tutù. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí kò ní i kì í tètè móoru, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sí i bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Mo so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù pẹ̀lú ìwọn ooru: 82 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, iye tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ gan-an, nígbà tó sì fi dé 95, ó ti là gbàgà. Mo dá a padà sáyè rẹ̀.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, mo pa á, mo yọ wáyà fáànù, torí ó lè ṣàdédé yí. Mo wá rọra fọwọ́ kan ojú radiétọ̀ káàkiri. Òkè ń jóni, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lápá òsì tutù bí ẹni pé omi gbígbóná ò débẹ̀ rí. A tú u sílẹ̀, a da omi sí i láti ẹnu òkè. Ó yẹ kó tú jáde wàà nísàlẹ̀. Ó ń rò tó tó tó, ó pupa bí ìpẹtà. Nígbà tí a ká orí rẹ̀ tó jẹ́ rọ́bà kúrò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni ìdọ̀tí pupa ti dí pa.

Omi kànga ni ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń bù sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ó tilẹ̀ fi ń yangàn pé òun ò ra kúláǹtì rí. Radiétọ̀ tó dí yìí ló sè tọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ó sì jókòó síwájú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ń fá irin. Tá a bá gbọ́ ti àwọn tó ní ká tún un tú, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun míì là bá tún gbé fún un jẹ.

A ra radiétọ̀ tuntun, nítorí mi ò rí ìdí tí màá fi fi owó ra ìdọ̀tí ẹlòmíì nínú tòkunbọ̀. A fi omi ṣan inú búlọ́ọ̀kù títí ó fi ń jáde ní funfun, a po kúláǹtì mọ́ omi bátìrì (omi mímọ́ lásán, kì í ṣe ásíìdì) ní ìlàjì-ìlàjì, a sì pààrọ̀ ọmọrí pẹ̀lú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ má fojú di ọmọrí yẹn: omi tí kò sí ní ìdè á hó ní 100, ṣùgbọ́n bí ọmọrí ṣe ń há a mọ́, ó di nǹkan bíi 120 kó tó lè hó.

A tún gbé e lọ sí márosẹ̀, a tan èésì, fóònù ń ka 88 sí 93. Òkè Mọ́kọ́lá ò gbé e kọjá 95. Kúláǹtì inú ike rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ṣe ń jáde, mo bù ú dé ojú àmì, kò sì wálẹ̀ mọ́.