Bí ẹ ṣe máa ṣírò bí aago átọ́ọ̀mù ṣe ń yára tó l'Óṣogbo

Aago átọ́ọ̀mù, ìyẹn aago tó ń fi ìgbọ̀nrìrì átọ́ọ̀mù ka àkókò, máa ń yára díẹ̀ níbi gíga ju etíkun lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá bí ibi tí aago wà ṣe ga tó sí ìpele òkun. Òṣogbo ga tó bíi 320 mítà. Ẹ má kàn gba iye tí GPS (ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí èèyàn wà) bá gbé jáde o. Òmíràn kì í wọ̀n ọ́n láti ìpele òkun, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń wọ́.

Gíga mítà kan ń fi nánósẹ́kọ́ńdì 0.0094 kún aago lójúmọ́ (nánósẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá). Ní ìlọ́po 320, ó di nánósẹ́kọ́ńdì 3. Òòfà ilẹ̀ ló fà á tí aago etíkun fi ń falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Aago sísíọ́mù (irú aago átọ́ọ̀mù kan) kan ṣoṣo kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín. Ẹ gbé méjì sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀, kí ẹ tó gbé ọ̀kan lọ sí Èkó létíkun, kí ẹ lè rí bí ìyàtọ̀ náà ṣe yí padà. Kí ooru yàrá méjèèjì má yí padà.