Bí a ṣe ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀

Òrí ṣíbí kékeré kan, ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òróró olówó gọbọi yẹn, èmi ò rà á rí. Bí òrí bá wọ́n, àdí àgbọn á ṣe é. Ẹ má ṣáà fi báàmù tó ń tani lára kún un. Ara tí ẹ fẹ́ kó sinmi ni ẹ ń jí yẹn.

Kó dojú bolẹ̀, tàbí kó jókòó kó gborí lé tábìlì. Aboyún tí ikùn rẹ̀ ti yọ, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó fi lélẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lẹ́yìn, kẹ́ ẹ má tíì ṣe nǹkan kan títí á fi mí nígbà mẹ́wàá.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ló kàn: ọwọ́ yíyá. Mo rí ọkọ àbúrò mi tó ń lọ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Ìyàwó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, ó ń ṣe dáadáa," bẹ́ẹ̀ èjìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

Àwọn iṣan tín-ín-tín kan wà nínú awọ ara wa tó jẹ́ pé ìfọwọ́kàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọpọlọ. Bí ọwọ́ bá ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń dáhùn jù; nǹkan bíi 3 ló dára jù. Ẹ̀yìn àgbàlagbà, láti ọrùn dé ìbàdí, tó bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á gba ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ kọ́kọ́ wo aago kẹ́ ẹ dán an wò lórí itan yín, ẹ ó rí i pé ìgbín gan-an yá jù yín lọ. Èmi máa ń ka oókan dé ẹ̀ẹ́dógún sínú. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun lórí ni. Ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn ni ọwọ́ ń gbà, kì í ṣe orí eegun. Kí ọwọ́ ọ̀tún tó kúrò ní ìbàdí, kí tòsì ti wà lọ́rùn, kí ara má baà máa retí ọwọ́ tó ń bọ̀. Ẹ má sì dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun: títẹ ibẹ̀ lè mú kí èèyàn dákú.

Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí èémí ń há, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe orí ẹní.

Bí ikùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tó mí kanlẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ dá ọwọ́ dúró díẹ̀, ẹ mú un kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ bò ó. Bó bá ti sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i láti bi í bóyá ara rẹ̀ ti balẹ̀.