Ìrìn wa ní Sàró: bí a ṣe wọ poda-poda lọ wo Fourah Bay

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa àwọn ará Sàró, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti Sierra Leone padà wálé: ẹni tó ń jẹ́ Coker, ẹni tó ń jẹ́ Cole, tí ìyá wọn àgbà á sì máa fi oríkì Ẹ̀gbá pè wọ́n. Mi ò lérò pé ẹsẹ̀ mi á tẹ Sàró gan-an, àfi ìgbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ̀yìn tì, tí ìjọ wa ní ká lọ sìn ní Freetown fún oṣù 18 gẹ́gẹ́ bí àgbà míṣọ́nnárì.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ náà dẹ́rù bà yín. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri. Tiwa ni ká máa yẹ ilé tí wọ́n ń gbé wò, bóyá omi wà nínú táǹkì, bóyá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti ya, ká sì máa kọ́ àwọn ìyá kan ní ìwé kíkà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Sátidé la máa ń jáde.

Láti ọjọ́ tí a ti dé ni ọkọ mi ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ rí ilé tí Àjàyí Crowther ti kàwé, ìyẹn ilé àtijọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn á bá wa háyà mọ́tò. Mo ní rárá, bí ará ìlú ṣe ń lọ la ó ṣe lọ. Ọ̀kadà wà níbẹ̀, ọ̀kadà náà ni wọ́n sì ń pè é bíi tiwa, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gba ìyẹn mọ́. Kẹ̀kẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀ láti Lumley.

“Fayv tawzin, Mama,” ni ọmọ náà wí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Ọkọ mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí n tó di aṣọ rẹ̀ mú. Leone márùn-ún péré ló ń bèèrè. Ìjọba ti gé òdo mẹ́ta kúrò lẹ́yìn owó wọn ní oṣù Keje ọdún 2022, ẹnu àwọn ará ìlú ni kò tíì gé e.

Poda-poda la wọ̀ tẹ̀lé e, ẹ̀yà dánfó. Mẹ́rin mẹ́rin la fún ara wa lórí ìjókòó, apá ẹnìkan wà níhà mi títí a fi dé ìlú. Ìyá kan tó gbé ẹja gbígbẹ lẹ́sẹ̀ bojú wò mí, ó ní, “Kushɛ o!” Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú: “Ẹ kúuṣẹ́ o, mà.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fi ń kíra wọn nínú èdè Krio nìyẹn, mi ò sì lè gbọ́ ọ kó má jọ tiwa létí mi.

A sọ̀ ní ìdí Cotton Tree. Àràbà ni igi náà, òun sì ni àmì ìlú Freetown láti ayébáyé. Òwe wa ní àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Eléyìí wó. Ìjì òjò bì í lulẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, kùkùté ló kù. Ọkọ mi ṣí fìlà, bíi pé ó ń ki òkú.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti rí alákàrà. Àkàrà náà lórúkọ rẹ̀, mi ò nílò ògbufọ̀. Ó dúdú díẹ̀, ó rí róbótó, epo ṣì ń hó létí rẹ̀. Mo ti múra ẹnu sílẹ̀ fún ẹ̀wà, ni mo bá bù ú jẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n ni wọ́n fi po ìyẹ̀fun ìrẹsì. Obìnrin náà rí ojú mi, ó tọ́ka sí abọ́ kejì. “Dis wan na binch.” Ẹ̀wà nìyẹn. Ó ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà tó fi ewé wé. Ṣé ẹ rántí pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ làwọn àgbà ń pe mọ́ínmọ́ín nílé? Mo ra mẹ́ta. Kí n sòótọ́, ata wọn gbóná ju tiwa lọ.

A wọ mọ́tò mìíràn dé Upgun, a sì fẹsẹ̀ rìn wọ Cline Town. Ilé náà wá yọ: ògiri òkúta pupa gíga, kò sí òrùlé, ojú fèrèsé ṣófo, koríko ń hù lórí ògiri. Iná jó o lọ́dún 1999 nígbà ogun abẹ́lé. Ṣáájú ìyẹn, àwọn oníṣẹ́ rélùwéè ti lò ó, wọ́n sì ti fi ṣe kóòtù. Mo fi ọwọ́ kan òkúta kan. Ó rí kótokòto bí àkùfọ́ búrẹ́dì, ẹrùpẹ̀ pupa sì kùn mí lọ́wọ́.

“Ibí ló jókòó sí,” ni ọkọ mi wí.

Kò jókòó síbẹ̀. Lóòótọ́, ọdún 1827 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Crowther sì wà lára àwọn ọmọ ilé ìwé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1845 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Mo sọ fún un. Ó ní kí n má ba òun lọ́jọ́ jẹ́.

Bàbá kan tó jókòó lábẹ́ ibòji ń gbọ́ àríyànjiyàn wa. Ó bi wá bóyá Yorùbá ni wá. Ó ní, “Mi grani na Oku uman.” Oku tàbí Aku ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú, torí “ẹ kú” tí kì í tán lẹ́nu wọn. Ó ka ohun tó mọ̀ fún mi: kómọjáde, aṣọẹbí, àwùjọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí ni “odaro” túmọ̀ sí? Gbogbo alẹ́ ni ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ tó bá fẹ́ fẹ́ fìtílà pa. Òun rò pé “pa iná” ni.

Mo ní ó dàárọ̀ ni, pé kí ilẹ̀ mọ́ ire ba olúkúlùkù. Ó mirí fún ìgbà díẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ poda-poda padà. Bàbá náà dìde, ó juwọ́ sí wa nínú oòrùn, ó pariwo pé, “Odaro o!”